Ṣáínà inú àwo, Ṣáínà inú ìwé: bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí òyìnbó rí yàtọ̀ sí èyí tó rò

Àwo kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ti jẹun nínú rẹ̀ láì wò ó dáadáa. Funfun ni, àwòrán búlúù ló wà lára rẹ̀: omi, igi kan tí ẹ̀ka rẹ̀ dorí kodò bí irun tó tú, afárá kékeré tí èèyàn mẹ́ta ń kọjá lórí rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan, ilé tí etí òrùlé rẹ̀ ká sókè, àti ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn lókè pátápátá. Nílé ìyá ìyá mi, ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá bi àwa ọmọdé pé níbo ni wọ́n ti ṣe é, "Ṣáínà" la ó dáhùn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí n fọ ẹyọ kan, tí mo yí i dojú dé, ni mo rí ohun tí wọ́n kọ sídìí rẹ̀: England.

Àwọn amọ̀kòkò Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àwo yìí ní nǹkan bí 1790, iléeṣẹ́ Josiah Spode sì wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Wọ́n wo àwo tánńganran gidi tí ọkọ̀ ń kó bọ̀ láti Guangzhou, ìlú èbúté kan ní Ṣáínà, wọ́n mú igi lára ọ̀kan, wọ́n mú afárá lára òmíràn, wọ́n mú ilé lára ẹ̀kẹta, wọ́n wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ń sọ mọ́ ọn ńkọ́? Wọ́n ní ọmọbìnrin ìjòyè kan fẹ́ràn akọ̀wé bàbá rẹ̀, bàbá kọ̀ jálẹ̀, àwọn méjèèjì gba orí afárá sá lọ, bàbá gbá tẹ̀ lé wọn tòun ti pàṣán. Nígbẹ̀yìn wọ́n kú, wọ́n sì di ẹyẹ méjì yẹn. Ìtàn náà dùn, àmọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti hùmọ̀ rẹ̀. Ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849, nígbà tí àwo náà ti lo ọdún tó lé ní 50 lọ́jà. Àwòrán ló ṣáájú, ìtàn wá tẹ̀ lé e láti bá a polówó.

Ìdàrúdàpọ̀ tó wà nínú àwo yìí náà ló wà nínú àwọn àwòrán àtijọ́ tí à ń pín kiri lórí Facebook àti WhatsApp, tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn pé "Bí Ṣáínà ṣe rí ní 300 ọdún sẹ́yìn nìyí". Àwòrán náà lè ti pẹ́ lóòótọ́. Pípẹ́ kò sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ẹni tó yà á lè má kọjá Párísì rí láyé rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó dé Ṣáínà, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kí àwòrán tó dé ọwọ́ òǹkàwé, ọwọ́ ẹni mẹ́ta mìíràn ti bà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti díjú jù, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ní 1655, iléeṣẹ́ oníṣòwò Họ́lándì tí wọ́n ń pè ní VOC rán ikọ̀ láti Batavia, ìlú tó di Jakarta lónìí, lọ sí ààfin ọba Ṣáínà ní Beijing. Àṣẹ òwò ni wọ́n ń wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johan Nieuhof ló ń bójú tó oúnjẹ àti ẹrù ikọ̀ náà, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ kejì: kó máa ya ìlú, odò, ilé àti ohunkóhun tó bá ṣàjèjì, bó ṣe rí i gẹ́lẹ́. Wọ́n gba Guangzhou wọlé, wọ́n gun odò, wọ́n bọ́ sínú odò ńlá tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ tó lọ sí àríwá, wọ́n sì dé Beijing ní 1656. Ọba Shunzhi gbà wọ́n lálejò, ó ní kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́jọ-mẹ́jọ. Létí oníṣòwò, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí "ẹ má wá mọ́".

Nieuhof ya nǹkan lóòótọ́. Àmọ́ kò sí kámẹ́rà láyé ìgbà yẹn. Kí àwòrán tó wọ inú ìwé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi irin ṣóńṣó fín in sára pẹlẹbẹ bàbà bí afíngbá ṣe ń fín igbá, kí wọ́n tó fi tàdáwà pa á, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Jacob van Meurs ní Amsterdam ló ṣe iṣẹ́ yìí, ìwé náà jáde ní 1665 pẹ̀lú àwòrán tó tó 150. Àwọn tó ń fín bàbà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fojú kan Ṣáínà rí. Ibi tí àwòrán bá ti ṣófo lójú wọn, wọ́n á ki ọ̀pẹ sí i. Wọ́n á fi èèyàn kún iwájú, wọ́n á fún wọn ní agboòrùn, kí oníbàárà tó sanwó lè rí i pé ibi jíjìn ni òun rà. Wọn kò fi irọ́ ṣe é o. Ojú wọn, bí ilẹ̀ tó gbóná ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ní 1984 ni wọ́n tó rí ìwé àfọwọ́kọ Nieuhof àti àwọn àwòrán ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé ìkàwé ìjọba Faransé ní Párísì. Nígbà tí wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó hàn pé odò àti odi ìlú lásán ló wà ní ibi púpọ̀ tí ìwé ti fi ọgbà ẹlẹ́wà hàn wá.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní Nanjing, ikọ̀ náà rí ilé gogoro kan tí gbogbo Yúróòpù wá ń pè ní Ilé Gogoro Tánńganran. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ́ ọ, láyé Ọba Yongle. Igun mẹ́jọ ló ní, wọ́n fi bíríkì tánńganran funfun bò ó lára, agogo sì rọ̀ sí etí òrùlé kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ fi ń lù wọ́n. Àjà mẹ́sàn-án ni. Ìwé Nieuhof fúnra rẹ̀ sọ pé mẹ́sàn-án ni. Ẹ wá ṣí ojú ewé tí àwòrán wà nínú ìwé yẹn kan náà, kí ẹ fi ìka tọ́ àwọn àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: mẹ́wàá ni.

Àjà kan péré, kí ló burú níbẹ̀? Ilé gogoro ẹlẹ́sìn Búdà ní Ṣáínà kì í sábà ní iye àjà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Márùn-ún, méje, mẹ́sàn-án, mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á, ó nídìí nínú ẹ̀sìn wọn. Alájà mẹ́wàá létí wọn dà bí ìgbà tí àlejò bá dé Ifẹ̀, tó ya ọpọ́n Ifá, tó wá kó ikin 17 sínú rẹ̀. Aṣiṣe náà kò sì kú sínú ìwé. Wọ́n túmọ̀ ìwé Nieuhof sí èdè Faransé, Jámánì, Látìn àti Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún mẹ́rin péré, fún 100 ọdún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni gbogbo ayàwòrán Yúróòpù ti ń wo Ṣáínà. Ní 1762, William Chambers kọ́ ilé gogoro Ṣáínà sínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìdílé ọba. Chambers kì í ṣe aláìmọ̀kan, ó ti bá ọkọ̀ oníṣòwò Swídìn dé Guangzhou láyé ọ̀dọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, alájà mẹ́wàá ló kọ́, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ń tọ́ka sí àwòrán inú ìwé Nieuhof. Ó fi dírágónì 80 sí igun àwọn òrùlé rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, ẹ kà á fúnra yín. Ní 1856, nígbà ogun abẹ́lé Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Taiping, wọ́n wó alájà mẹ́sàn-án ti Nanjing lulẹ̀. Alájà mẹ́wàá ti Kew ṣì dúró.

Ọba Louis kẹrìnlá ti Faransé náà gbọ́ ìròyìn ilé tánńganran yìí, ó ní kí wọ́n kọ́ tirẹ̀ sí Versailles ní 1670 fún olólùfẹ́ rẹ̀. Wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tánńganran gidi ní Faransé nígbà náà, amọ̀ dídán lásán ni wọ́n fi bò ó. Òtútù là á, wọ́n wó o ní 1687.

Kí ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ Nieuhof ni àròsọ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìrìn àjò Marco Polo wà tí wọ́n ya àwòrán sí ní Párísì ní nǹkan bí 1410. Ọba Kublai, ọmọ ilẹ̀ Mongol, ló jókòó níbẹ̀ tó dé adé, tó wọ aṣọ, tó sì dá irùngbọ̀n sí bí ọba ilẹ̀ Faransé. Ayàwòrán náà kò mọ bí ọba mìíràn ṣe ń rí. Athanasius Kircher ńkọ́? Àlùfáà Jésúìtì, ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ni, ọmọ Jámánì tó ń gbé Róòmù. Ìwé ńlá aláwòrán tó ṣe nípa Ṣáínà jáde ní 1667, kò dé ibẹ̀ rí, lẹ́tà àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kà. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Íjíbítì ni ọgbọ́n Ṣáínà ti ṣàn wá, ó ní láti ibẹ̀ ni lẹ́tà wọn pàápàá ti wá. Torí náà, òrìṣà Ṣáínà inú ìwé rẹ̀, tó jókòó sórí òdòdó pẹ̀lú ọwọ́ rẹpẹtẹ, jẹ́ ìbátan òrìṣà Íjíbítì lójú rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí ohun tí àwòrán ń fi hàn, irun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọkùnrin Ṣáínà ti ń fá iwájú orí, tó sì ń di irun ẹ̀yìn ní ìdì kan gígùn bí ìrù. Rárá o. Láyé àwọn ọba Ming, ọkùnrin a máa dá irun sí, a sì di í sókè sábẹ́ fìlà. Àwọn Manchu, tí wọ́n wá láti àríwá ìlà-oòrùn tí wọ́n gba Beijing ní 1644, ló pàṣẹ ní 1645 pé kí gbogbo ọkùnrin fá iwájú orí bíi tiwọn. Ẹni tó bá kọ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n máa gbé lọ. Ọ̀pọ̀ ló kú nítorí irun. Ìgbà tí ìjọba ọba wó ní 1911 sí 1912 ni wọ́n tó gé e. Torí náà, ìjòyè Ṣáínà inú ìwé Jan Huygen van Linschoten, tó jáde ní Họ́lándì ní 1596, kò ní ìrù irun kankan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá rí àwòrán tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Confucius, ọlọ́gbọ́n Ṣáínà tó gbé ayé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú àṣẹ yẹn, tó ní ìrù irun yẹn lẹ́yìn, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó yà á kò bìkítà.

Irú àwòrán kejì ni èyí tí kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun ń ròyìn. Ní 1742, François Boucher gbé àwọn àwòrán Ṣáínà kan síta ní Párísì, iléeṣẹ́ ahunṣọ Beauvais sì hun wọ́n sí aṣọ ńlá tí wọ́n fi ń bo ògiri. Nínú ọ̀kan, bàbá àgbà kan ń pẹja létí omi, ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, arẹwà kan jókòó nítòsí. Ẹ wo ojú arẹwà yẹn dáadáa. Ọmọ Párísì ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí ti gbogbo obìnrin tí Boucher máa ń yà, aṣọ àti fìlà nìkan ló yí padà. Boucher kò dé Ṣáínà, kò sì sọ pé òun dé ibẹ̀, àmọ́ ilé rẹ̀ kún fún tánńganran àti ère kéékèèké tó ti ibẹ̀ wá. Chinoiserie ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ilẹ̀ àlá ni Ṣáínà jẹ́ nínú rẹ̀: kò sí owó orí, kò sí ìyàn, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ kó làágùn. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí níbẹ̀ dà bí ẹni tó ń wá ìtàn ìlú nínú àlọ́ ìjàpá. Èmi fẹ́ràn wọn bó ṣe yẹ kí èèyàn fẹ́ràn àlọ́. Ó wá pani lẹ́rìn-ín pé ní àárín àwọn ọdún 1760, Faransé fi odindi àkójọ kan lára aṣọ Boucher wọ̀nyí ránṣẹ́ sí Ọba Qianlong ní Beijing. Ẹ fojú inú wo ọba Ṣáínà níwájú Ṣáínà tí wọ́n hun ní Beauvais.

Qianlong ní òyìnbó tirẹ̀ láàfin. Giuseppe Castiglione, ọmọ Milan, dé Beijing ní 1715 gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Jésúìtì, ó sìn ọba mẹ́ta, Kangxi, Yongzheng àti Qianlong, títí ó fi kú síbẹ̀ ní 1766. Orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ni Lang Shining. Àwọn tó ń pín àwòrán sí "ti òyìnbó" àti "ti Ṣáínà", ibo ni wọ́n máa fi tirẹ̀ sí? Orí sílíìkì ló ń yàwòrán, pẹ̀lú burọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀ wọn. Ní Ítálì, wọ́n ti kọ́ ọ pé kó fi òjìji sí apá kan ojú kí imú lè yọ. Láàfin Beijing, wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú tó dúdú lápá kan dà bí ojú tí ìdọ̀tí bà. Castiglione wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ojú tí ìmọ́lẹ̀ bá ní iwájú tààrà, tí òjìji rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹ wo àwòrán Qianlong tó yà: imú yọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, síbẹ̀ kò sí dúdú kankan níbẹ̀. Òyìnbó ló yà á, àṣà Ṣáínà ló tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà.

Qianlong tún ṣe ohun kan tí àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó nìkan ló ń wo ẹlòmíràn máa ń gbàgbé. Ó ní kí Castiglione àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ogun tí òun jà ní ìwọ̀-oòrùn, ó kó àwòrán náà ránṣẹ́ sí Párísì, ó sì sanwó kí àwọn ọ̀gá afínbàbà ibẹ̀ fín wọn. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ọdún 1774 ni wọ́n parí. Ọba Ṣáínà ni oníbàárà, Párísì ni ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Ìlú Ọba. Ní 26 Oṣù Kẹsàn-án 1792, ikọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣíkọ̀ lọ sí Ṣáínà, Lord Macartney ni olórí rẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ṣáájú kí ọkọ̀ tó ṣí, àwòrán yẹ̀yẹ́ kan ti wà lọ́jà ní Lọ́ńdọ̀nù. James Gillray ló yà á, ohun tó sì yà ni bí Ọba Qianlong ṣe gbà wọ́n lálejò! Ọba náà sanra, ó fẹ̀yìn tì, ó ń fa kòkò tábà, ojú rẹ̀ kún fún àrékérekè. Macartney fi eékún kan kúnlẹ̀, ẹ̀bùn ìṣeré ọmọdé ló kó wá: kẹ̀kẹ́ ẹṣin kékeré, bàlúùnù aláfẹ́fẹ́, pańpẹ́ eku. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mìíràn sì doríkodò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na ìdí sókè. Ọjọ́ tí àwòrán náà jáde ni 14 Oṣù Kẹsàn-án 1792. Ọjọ́ tí Macartney fojú kan ọba gan-an ni 14 Oṣù Kẹsàn-án 1793. Ọdún kan gééré. Àwọn kan ṣì ń lo àwòrán yẹn lónìí bí ẹni pé ayàwòrán náà wà nínú yàrá.

Ìdí tí wọ́n nà sókè yẹn, ìforíbalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kowtow ló fi ń ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ ọba yóò kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì fi iwájú orí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án lápapọ̀. Macartney ní òun kò ní ṣe é, eékún kan tí òun ń fi kí ọba tòun lòun máa fi kí tiwọn. Ọmọ Yorùbá tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọba rí mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, kò nílò àlàyé gígùn. Ìkíni ni, ó sì ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú yàrá. Àmọ́ lójú ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń ra àwòrán Gillray, ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀.

Ayàwòrán gidi wà nínú ikọ̀ náà, William Alexander, ọmọ ọdún 25. Tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Láti inú ọkọ̀ lójú odò, ó ya àwọn tó ń fi okùn fa ọkọ̀ létí omi, ó ya ọmọ ogun, ó ya ìyá tó gbé ọmọ dání, ó ya èèyàn tó jókòó ti abọ́ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Nígbà tí Macartney lọ rí ọba ní Jehol, lẹ́yìn Odi Ńlá, wọn kò mú Alexander dání. Beijing ni wọ́n fi í sí. Ó dùn ún gan-an. Àwòrán Odi Ńlá tó ní orúkọ rẹ̀ lábẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń lò dòní, orí ohun tí Lieutenant Parish, ológun kan nínú ikọ̀ náà, yà ló gbé e kà. Ìpàdé pẹ̀lú ọba náà, ẹnu àwọn tó lọ ló ti gbọ́ ọ. Nínú ìwé kan náà, láti ọwọ́ ẹni kan náà, ojú ewé kan jẹ́ àfojúbà, èkejì jẹ́ àgbọ́sọ, kò sì sí àmì tó máa sọ fún yín pé ọwọ́ ti yí padà.

Àmì díẹ̀ wà ṣá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán tí wọ́n fín, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Lápá òsì ẹ máa ń rí orúkọ kan tí wọ́n kọ del. tẹ̀ lé: ẹni tó yà á nìyẹn. Lápá ọ̀tún ni sculp.: ẹni tó fín in. Bí orúkọ méjèèjì bá yàtọ̀, ọwọ́ méjì ó kéré tán ló ti kàn án. Bí wọ́n bá tún kọ ọ́ pé láti inú àwòrán ẹlòmíràn ni, ó ti di mẹ́ta. Thomas Allom ni ẹ fi máa rántí èyí. Ìwé aláwòrán rẹ̀ lórí Ṣáínà jáde ní 1843, ọdún kan lẹ́yìn tí ogun opium àkọ́kọ́, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ṣáínà jà nítorí òwò oògùn olóró yẹn, parí, ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rí jájẹ kún fún un. Òṣìṣẹ́ ìyàwòrán ilé ni Allom, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Kò dé Ṣáínà rí. Àwọn àwòrán Alexander àti ti àwọn ológun ló ń tún ṣe, ó ń fi òdòdó, fìtílà àti àwọsánmà sí wọn.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí: àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọn kò ya ara wọn fún òyìnbó ni? Wọ́n yà á, nílé ìtajà. Ní Guangzhou, ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán tò lọ lẹ́bàá ilé ìkẹ́rùsí àwọn òyìnbó, ohun tí oníbàárà bá ń béèrè ni wọ́n ń yà. Iṣẹ́ Pu-Qua, ọ̀kan lára wọn, ni George Henry Mason kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ ìwé oríṣiríṣi oníṣẹ́ ọwọ́ jáde ní 1800: onígbàjámọ̀, alágbàtà. Ìwé náà dára. Ní 1801 ó tẹ òmíràn, ìyà nìkan ló wà nínú rẹ̀: pákó ńlá tí wọ́n fi bọ arúfin lọ́rùn, pàṣán, ìdè. Ìwé kejì yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé ilẹ̀ ìyà ni Ṣáínà. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń kà á, wọ́n ń yẹgi fún olè ní gbangba. Mo rò pé ìwé yìí ba nǹkan jẹ́ ju ti Gillray lọ, nítorí pé ọwọ́ ọmọ Ṣáínà ló ti wá, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ta ló ní kó yà á.

Lẹ́yìn ogun opium, ẹ̀rín inú àwòrán náà di ẹ̀gàn. Ní 1860, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kó ààfin ìsinmi ọba, Yuanmingyuan, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dáná sun ún. Ọ̀gágun kan gbé ajá kékeré kan níbẹ̀, ó fi ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ. Wọ́n sọ ajá náà ní Looty, bí ẹni ń pe ajá ní Ìkógun, wọ́n sì ní kí Friedrich Wilhelm Keyl yà á ní 1861. Ajá náà lẹ́wà nínú àwòrán, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ní 1895, Kaiser Wilhelm kejì ti Jámánì ní kí Hermann Knackfuss ya Búdà nínú ìkùukùu iná lórí dírágónì, tó ń bọ̀ wá ba Yúróòpù jẹ́. Ní Oṣù Kìíní 1898, ìwé ìròyìn Le Petit Journal ní Párísì ya Ṣáínà bí àkàrà òyìnbó pẹrẹsẹ, Victoria àti Wilhelm ń fojú bá ara wọn jà lórí rẹ̀, Rọ́ṣíà, Faransé àti Jàpáánì ń wò, ìjòyè Ṣáínà kan na ọwọ́ sókè lẹ́yìn wọn, ó ń pariwo, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Kò sí Ṣáínà kankan nínú àwọn méjì yìí. Àwòrán Yúróòpù ni wọ́n, nípa Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ fi wọ́n kọ́ni.

Ǹjẹ́ òyìnbó kan wà tó kàn wo ọmọ Ṣáínà kan lójú, tó sì yà á? Ó wà. Ní 1687, Godfrey Kneller ya Shen Fuzong ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Nanjing ni Shen, ìlú ilé gogoro yẹn. Ó bá àlùfáà Jésúìtì kan wá sí Yúróòpù, ó dé ààfin Versailles, ó dé Oxford níbi tó ti bá wọn to ìwé Ṣáínà tí wọ́n ní lọ́wọ́ tí wọn kò lè kà. Ó dúró gbọọrọ nínú àwòrán, ó wọ aṣọ ilẹ̀ rẹ̀, ó gbé àgbélébùú dání, ó gbójú sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Kò sí ọ̀pẹ níbẹ̀, kò sí dírágónì. Ojú èèyàn ni. Síbẹ̀ wọ́n fi àgbélébùú yẹn sí i lọ́wọ́, orúkọ tí àwòrán náà sì fi lókìkí kì í ṣe Shen Fuzong, "Ará Ṣáínà Tó Gba Kristi" ni wọ́n ń pè é. Ọba James kejì fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e kọ́ nítòsí yàrá tó ń sùn. Shen wọkọ̀ láti padà sílé, ó kú lójú òkun nítòsí Mozambique ní 1691. Àwòrán náà ṣì wà lára dúkìá ọba Gẹ̀ẹ́sì.